Ọjọ́ Tí A Jókòó Sẹ́nu Ọ̀nà Màlámù, àti Ìwọ́de Àwọn Ará Amẹ́ríkà

Nígbà tí mo wà lọ́mọge, tí eegun mi ṣì le, ta ló ń wo ìjà àwọn ará Amẹ́ríkà? Rédíò la ní. Ìròyìn ilé wa gan-an, ìdajì ẹ̀ là ń gbọ́. Ṣùgbọ́n lónìí, mo jókòó sí pálọ̀ mi ní Alápẹ̀rẹ̀ níbí, mo ń wo ọmọ èèyàn tó ń sun mọ́tò ní ìlú tí mi ò dé rí. Ìyẹn tí iná bá wà o! Tí wọn ò bá tíì mú iná lọ.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Tọ́pẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, ọmọ Dèjì ọmọ mi, òun ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti Amẹ́ríkà dé fún họlidé, yunifásítì ló ń lọ níbẹ̀. Lánàá, a jọ ń wo ìròyìn. Wọ́n ń fi ìwọ́de hàn. Èrò rẹpẹtẹ. Àwọn kan gbé pátákó, àwọn kan ń kọrin... ìyẹn ò burú. Àfi bí mo ṣe rí àwọn kan tí wọ́n fọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni, tí wọ́n tiná bọ mọ́tò, tí wọ́n wá ń jó yí i ká. Mo ní, "Ọmọ ta rèé? Ṣé wọn ò ní bàbá nílé ni?"

Tọ́pẹ́ ní, "Màmá, inú ló ń bí wọn. Ìjọba ń lé àwọn àjèjì kúrò nílùú."

Mo ní, "Ṣé mọ́tò yẹn ló ń lé wọn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, kọ̀ǹsáfétífù ni yín." Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ní àwọn tó gbà pé òfin ni òfin, pé kí ilé máa jẹ́ ilé, kí ọmọ máa bọ̀wọ̀ fún òbí, kí wọ́n má sì yọ Ọlọ́run kúrò nínú ọ̀rọ̀. Mo ní, "Ó dáa. Bá mi kọ orúkọ mi síbẹ̀."

Ṣé irọ́ ni mo pa? Ilé tí kò nílẹ̀kùn, ọjà ni. Orílẹ̀-èdè náà nílẹ̀kùn. Dèjì, bàbá Tọ́pẹ́, ó to ìlà fíísà Amẹ́ríkà títí. Wọ́n dá a padà. Ó tún lọ, wọ́n tún dá a padà. Ó fo fẹ́ǹsì bí? Kò fo fẹ́ǹsì o! Ó padà sí ìsọ̀ ẹ̀ ní Owódé Onírin, ó ń ta irin ẹ̀ títí Ọlọ́run fi ṣí ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà iwájú ló gbà wọlé. Mo máa ń fi yangàn. Ẹ jẹ́ kí n fi yangàn, èmi ni mo bí i.

Wọ́n ní àwọn kan ń pariwo níbẹ̀ pé àwọn ò fẹ́ pólíìsì mọ́. Háà! Kí wọ́n wá gbé Kétu fún ọ̀sẹ̀ kan kí pólíìsì má sí, ká wá bi wọ́n. Wọ́n ń sun àsíá ìlú wọn... àsíá tí àwọn ọmọ tiwa ń tìtorí ẹ̀ to ìlà lójoojúmọ́! Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí yunifásítì, ó ń nàka sójú ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè bí bàbá ẹ̀. Nígbà tiwa, tó o bá nàka sójú tíṣà, bàbá ẹ lo máa bá lẹ́nu ọ̀nà.

Tọ́pẹ́ wá sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ní, "Màmá, kò lè yé yín. Ẹ̀yin ò ṣe ìwọ́de rí."

Èmi! Èmi ìyàwó onírin! Mo ní kó pa tẹlifíṣàn yẹn. Mo ní kó jókòó dáadáa. Ohun tí mo sọ fún un lẹ ní kí n tún sọ yìí. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin náà.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, sójà ló ń ṣèjọba. Fẹ́mi, àkọ́bí mi, ti ń rìn. Oyún Dèjì wà nínú mi, ó ti wọ oṣù rẹ̀. Bàbá yín àgbà ń ta irin ní Owódé Onírin, rọ́ọ̀dù, páànù, àlòkù irin. Èmi ń ta nọ́ọ̀tì àti bóòtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìjẹ̀bú la ti wá, a ò mọ ẹnì kankan nínú ìjọba. Ọjà yẹn ò tíì pọ̀ tó báyìí. A dé ọjà láàárọ̀ ọjọ́ kan, a rí ọ̀dà pupa lára gbogbo ìsọ̀ wa. Ìjọba ní ká kúrò. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ títì. Ká lọ síbo? Wọn ò sọ. Iwájú wa, títì. Ẹ̀yìn wa, ọ̀nà Ajégúnlẹ̀, níbi tí omi máa ń lé onílé kúrò nílé. Gbogbo ohun tá a ní láyé wà nínú ìsọ̀ yẹn.

Àwọn ọkùnrin ń pariwo. Bàbá yín àgbà kì í pariwo. Ó gun orí ìdì páànù kan, ó ní, "A máa rìn lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú nǹkan dání. Onírin ni wá. Tá a bá gbé irin dání, wọ́n á ní ogun la gbé wá." Ẹ gbọ́ ọgbọ́n! Àwọn tó ń ta irin, wọ́n fi irin sílẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mùsùlùmí wọ aṣọ Jímọ̀. Wọ́n to ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí mọ́tò lè ráyè kọjá. Lónìí ńkọ́? Wọ́n á lọ jókòó sáàárín títì, ẹni tó ń gbé aláìsàn lọ sọ́síbítù á máa bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n lọ. Ó ku àwa obìnrin lọ́jà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n kọ̀, wọn ò bá wọn rìn. Wọ́n ní ìrìn jẹ́jẹ́ ò lè ran ìjọba sójà. Àwọn ló yọ sí wa. Wọ́n yí táyà, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì epo. Ràṣídì ló ṣíwájú wọn, ọmọ ọjà wa náà ni. Wọ́n ní àwọn ń lọ sun ọgbà Màlámù Sáání.

Màlámù Sáání, Haúsá ni, àlòkù irin lòun náà ń rà. Tiẹ̀ nìkan ni wọn ò fi ọ̀dà kàn. Wọ́n wá ní òun ló tà wá fún sójà, pé ẹ̀yà kan náà ni wọ́n. Irọ́! Ọgbà ẹ̀ jìnnà sí títì ni. Ẹni tó bá lójú á rí i. Ṣùgbọ́n ìbínú, ṣé ó lójú? Màlámù wà nínú ọgbà yẹn, òun àti ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ ẹ̀. Wọ́n ti géètì mọ́rí.

Ẹsẹ̀ mi gbéra kí n tó mọ̀. Mo lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́nu géètì yẹn, tòyún-tòyún. Ìyá Ṣàkírù, ọ̀rẹ́ mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́, òun náà wá jókòó tì mí. Àwọn obìnrin tó kù ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹnu ọ̀nà fi kún. Ẹ̀rù ò bà mí bí? Ẹ̀rù bà mí o! Ọmọ inú mi ń tàpá bí ẹni tó fẹ́ sá lọ.

Ràṣídì ní, "Ìyá Fẹ́mi, ẹ dìde. Kì í ṣe ẹ̀yin là ń bá jà."

Mo ní, "Ta lẹ̀ ń bá jà?"

Ó ní, "Ìjọba ni."

Mo ní, "Ṣé ìjọba ló ń gbé ibí?"

Ó ní, "Ìyá, ẹ máa jóná o!"

Ìyá Ṣàkírù ló dá a lóhùn. Kò pariwo. Ó ní, "Ràṣídì, nígbà tí ìyá ẹ wà lórí àìsàn, ẹ̀yìn ta lo wà? Ẹ̀yìn yìí ni. Ó yá, da epo náà sí i."

Ràṣídì dúró... Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ó yíjú padà, ó lọ. Nígbà tó lọ, àwọn yòókù ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe mọ́, àwọn náà tú ká.

A rò pé ó tán. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọkùnrin dé, bàbá yín àgbà ò sí níbẹ̀. Àwọn kan tí wọn ò wọ yúnífọ́ọ̀mù ti gbé e sínú mọ́tò. Wọ́n ní ó ń da ìlú rú. Mo jókòó, mi ò lè sunkún, mi ò lè jẹun.

Ilẹ̀ mọ́, ta ló kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn mi? Màlámù Sáání. Agbádá funfun ló wọ̀. Ó ní, "Ìyá Fẹ́mi, dìde. Ká lọ mú ọkọ ẹ wálé." Àwa méjèèjì la lọ sí bárékè àwọn sójà, pẹ̀lú àwọn àgbà ọjà. Ọ̀gá sójà tá a bá níbẹ̀ le bí òkúta. Ó ní, "Kí ni wọ́n sun?" Màlámù ní, "Wọn ò sun nǹkan kan." Ó ní, "Ta ni wọ́n lù?" Màlámù ní, "Wọn ò lu ẹnikẹ́ni. Èmi tí àwọn ọmọ kan fẹ́ sun gan-an, ìyàwó ọkùnrin tẹ́ ẹ mú yìí ló fara ẹ̀ dí iná fún mi. Ẹ wò ó." Ọ̀gá sójà wò mí, ó wo ikùn mi. Ó ní, "Ẹ mú un jáde."

Bàbá yín àgbà jáde. Ojú ẹ̀ wú. Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ bi mí? Kò bi mí pé báwo ni ara mi. Ó ní, "Ṣé wọn ò ba nǹkan kan jẹ́ lọ́jà?" Mo ní wọn ò bà á jẹ́. Ó mí kanlẹ̀.

Ká ní ilé kan péré jóná lọ́jọ́ yẹn, ṣé mo tún máa rí ọkọ mi mọ́? Nígbà tó yá, ìjọba rán èèyàn wá bá wa jókòó. Wọ́n ní ká sún sẹ́yìn díẹ̀, ká fi etí títì sílẹ̀. A sún. Ọjà yẹn ńkọ́? Ẹ lọ wò ó lónìí! Irin tó kọ́ ilé ní Kétu, tó kọ́ ilé ní Ìkòròdú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rà á. Àwa la ò jẹ́ kó parẹ́.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán lánàá, Tọ́pẹ́ ní, "Màmá, àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ bíi ti Bàbá àgbà. Èmi náà wà lára wọn. Àwọn tó ń sun nǹkan ni tẹlifíṣàn ń fi hàn yín." Mo ní ìyẹn lè jẹ́ òótọ́. Ó ní, "Àwọn tó ń wá mú àwọn àjèjì, àwọn kan nínú wọn ń bojú. Ẹ ò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́."

Mo rántí mọ́tò tó gbé ọkọ mi. Mo ní, "Ìyẹn ò dáa. Ẹni tí òfin bá rán níṣẹ́, kó jẹ́ ká rójú òun. Tí wọ́n bá máa lé ẹni tó gba ẹ̀yìn wọlé, kí wọ́n lé e ní gbangba, níwájú adájọ́." Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi lórí ilẹ̀kùn padà o. Ìlú gbọ́dọ̀ nílẹ̀kùn. Tọ́pẹ́ náà ò yí tiẹ̀ padà. Ó ní ilẹ̀kùn yẹn ti há jù. A ò fẹnu kò títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ yìí, mo sì súre fún un.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ọmọ ìyá méjì á tìtorí òṣèlú máa bú ara wọn lórí fóònù, wọn ò ní lọ síbi ìsìnkú ara wọn. Kí la fẹ́ jẹ nínú ìyẹn? Ẹ̀yin ọmọ mi, tí inú bá ń bí yín, ẹ rìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rójú yín. Ẹ má bo ojú, ẹ má fọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹni tí kò ṣẹ̀ yín.

Ẹ má rò pé mo kórìíra ìlú yẹn. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí mò ń gbàdúrà, mo pe orúkọ Nàìjíríà, mo pe orúkọ yín, mo wá pe Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Ibi tí ọmọ mi ń sùn, tí ọmọ ọmọ mi ń jí, ṣé ó tún lè jẹ́ ilé ẹlòmíràn sí mi? Tí mo bá ń bá wọn wí, bí ìyá ṣe ń bá ọmọ ẹ̀ wí ni.