Wáyà Tí Mo Fi So Ìbòrí Ayùn

Alága wa lórí ìjókòó, ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà káfíńtà tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kun igi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rán tìmùtìmù, ìyàwó mi tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àbúrò mi tó wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú ìyàwó tirẹ̀, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ níbí. Alága sọ pé bí mo bá gé pákó méjì ní dígírì márùndínláàádọ́ta, tí mo so wọ́n pọ̀ di igun férémù, bébà ò ní rí àyè kọjá láàárín wọn. Òótọ́ ni. Mo sọ fún gbogbo ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ pé kí wọ́n má gba nọ́ńbà tó wà lára ayùn oníná gbọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ gé àjákù igi méjì, kí wọ́n tò wọ́n pọ̀, kí wọ́n fi sùkúwíà tí a fi ń wọn igun wò ó. Ta ni mi ò pariwo lé lórí nínú yín? Ẹni tí mo bú títí tó fi sunkún wà níbí, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fara dà á fún mi.

Ṣùgbọ́n alága dá àpárá kan lẹ́ẹ̀kan yìí. Ó ní èmi àti àbúrò mi, ọmọ ìyá kan náà, ẹnì kan gba sùúrù, ẹnì kejì gba ìkánjú, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìka méje ló kù sí i lọ́wọ́. Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí i pé àbúrò mi náà ń rẹ́rìn-ín. Ìwé tí ọmọ mi bá mi kọ sílẹ̀ fún òní, mo ti ká a sápò.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ayùn yẹn ní ìbòrí kan tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ bo eyín rẹ̀. Kì í jẹ́ kí n rí ìlà pẹ́ńsùlù mi dáadáa. Kí ni mo wá ṣe? Mo máa ń fi wáyà so ó sókè, kí n lè rí ibi tí eyín ayùn ti fẹ́ kan ìlà gan-an. Ibẹ̀ ni gbogbo ìyìn tẹ́ ẹ ń yìn mí ti wá. Bí mo bá gé igi tán, màá tú wáyà, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ọdún kọkànlá rèé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oníbàárà kan pè mí síta, mi ò sì tú u. Àbúrò mi, tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí nígbà náà, wá gé igi pẹlẹbẹ kan fún igun fèrèsé. Ó gé e tán, ó gbé ayùn sókè nígbà tí eyín rẹ̀ ṣì ń yí, ó na ọwọ́ mú igi. Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi gan-an pẹ̀lú, nítorí ìbòrí á ti sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ìbòrí ò sọ̀ kalẹ̀.

Mo gbọ́ igbe, mo sáré wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ti bo ìyẹ̀fun igi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo kọ́kọ́ mú kì í ṣe aṣọ tí màá fi di ọwọ́ ọmọ ìyá mi. Ẹ̀mú ni mo mú. Mo gé wáyà, mo fi sápò, kí ìbòrí lè padà sáyè rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó di ọwọ́ rẹ̀. Ó ń wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mo kánjú ni." Mo ní, "Mo ti sọ fún ẹ."

Látìgbà náà kò fọwọ́ kan ayùn mọ́. Géètì ilé ìwé kan ló ń ṣọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, bàbá rẹ̀ ní rárá, ó ní ìkánjú wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn. Mo gbọ́ ọ, mo dákẹ́. Kí ló dé tí mo dákẹ́? Ẹ̀rù bà mí, mo sì fẹ́ràn orúkọ mi.

Àbúrò mi, ìkánjú kọ́. Èmi ni mo ṣe ẹ́ léṣe, èmi náà ni mo di ẹ̀bi rù ẹ́. Alága, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ mi tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ẹ má kọ ọ́ mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kù sẹ́nu iṣẹ́, bí ẹ ò bá rí ìlà, ẹ sún gílóòbù mọ́ ọn, ẹ sọ ayùn kalẹ̀ kan ìlà kẹ́ ẹ tó tan ayùn náà. Ẹ má so ìbòrí.

Àbúrò mi ti dìde. Ẹ jẹ́ kó máa lọ, ẹ má dá a dúró, ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́. Ìyá àwọn ọmọ mi, jókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ bá a yí ọwọ́ ilẹ̀kùn yẹn, ìka méjì tó kù sí ọwọ́ yẹn ò lè yí i dáadáa.

Kí Ọlọ́run mú gbogbo yín délé láyọ̀. Kí ìka yín pé títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì. Kí Ọlọ́run má sì fún ẹnikẹ́ni nínú yín ní ẹ̀gbọ́n bíi tèmi. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé tẹ́ ẹ gbọ́ mi tán.