Yèrèpè Inú Dúrọ́ọ̀ Monílọ́lá

Fọlákẹ́ ní kí wọ́n dá ìpàdé dúró ná. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà tán ni, akọ̀wé ti ṣí ìwé, àwọn obìnrin aránṣọ Ọjà Ọba àtàwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ti ń wá ibi tí wọn yóò fẹ̀yìn tì, ló bá dìde. Ó ní òótọ́ kan ti há òun lọ́fun, bí òun bá sì tún gbé e mì lónìí, òun ò ní lè jẹun mọ́. Ó wo Monílọ́lá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bí àlejò, báàgì lórí itan. Fọlákẹ́ ló bẹ Alága, láìsọ ìdí, pé kó ránṣẹ́ pè é láti Oǹdó. Ó wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kí Fọlákẹ́, ta ni yóò sì bá a wí? Ọdún mẹ́rìndínlógún ni àwọn méjèèjì fi ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà kí ẹgbẹ́ tó lé Monílọ́lá jáde, oṣù mẹ́jọ rèé.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni Fọlákẹ́ wí, "èmi ni mo ṣe é."

Kò yé ẹnikẹ́ni. Alága, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́nńbélé, ní, "Ìyá Ẹniọlá, mú ọ̀rọ̀ wá ulé, jàre. Ìwọ lo ṣe kí ni?"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ló kúkú rántí bí ara ṣe ń yún un lọ́dún tó kọjá. Àtẹ́lẹwọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀, kó tó di pé gbogbo ara gbà á. Kò sí èélá, kò sí kókó kankan; awọ ara ń dán, àfi ibi tí èékánná ti fà á ya. Ó pààrọ̀ ọṣẹ, ó fi àdí para títí ṣọ́ọ̀bù fi ń rùn, pàbó ló já sí. Rúlà onígi tó fi ń gé aṣọ ló wá sọ di ohun ìhọra, àwọn oníbàárà sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Ibi tí rúlà ò bá dé, Monílọ́lá ni í bá a họ ọ́. Á fi máṣíìnì sílẹ̀, á ní, "Ìyá Ẹniọlá, yí ẹ̀yìn wá."

Ẹ wá wo bí èrò burúkú ṣe ń wọlé sí ènìyàn nínú. Fọlákẹ́ rò ó pé ohun tó ń yún ni láìsí èélá, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ aráyé ni. Ta ló ń fọwọ́ kan aṣọ òun? Ta ló ń bá òun fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ náà? Ọjọ́ tí oníbàárà wọn kan ní Ìjàpò wá kó aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ fún Monílọ́lá rán dípò òun, ẹjọ́ ti parí lọ́kàn rẹ̀. Ó wá ń sọ káàkiri pé ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Alága ní ẹgbẹ́ kì í dájọ́ lórí àfẹnusọ, kó mú ẹ̀rí wá.

"Ẹ̀rí ọ̀hún, èmi ni mo lọ wá a," ni Fọlákẹ́ wí. Ó lọ sí oko Silas ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìjàrẹ́, ó fi ọ̀rá bọ ọwọ́, ó já èso yèrèpè márùn-ún lẹ́bàá igbó, ó dì wọ́n sínú ọ̀rá. Silas bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, ó ní òun fẹ́ fi lé eku ni. Eku! Àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Monílọ́lá tó dé, ó ti fa dúrọ́ọ̀ máṣíìnì rẹ̀, ó ti fi ọ̀rá náà sí abẹ́ àwọn bọ́bìnì. Ó pe Alága kó wá yẹ ṣọ́ọ̀bù wò.

Nígbà tí wọ́n yọ ọ̀rá náà jáde, Monílọ́lá ò pariwo. Ó kàn wojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ìyá Ẹniọlá, ẹ̀yìn rẹ tí mò ń bá ọ họ lójoojúmọ́?" Fọlákẹ́ gbójú sókè, ó ń wo òrùlé. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n yọ orúkọ Monílọ́lá kúrò nínú ìwé, tó kó máṣíìnì rẹ̀ sọ́kọ̀ Oǹdó.

Ó lọ tán, ṣé ara wá sinmi? Rárá o. Yíyún náà tún le sí i, kò sì sí ẹni tí yóò bá a họ ẹ̀yìn mọ́. Fọlákẹ́ mọ̀ nígbà náà pé òun ti pa irọ́ mọ́ aláìṣẹ̀, ó mọ̀ ọ́n dájú, ó sì panu mọ́ nítorí ojú ayé. Ìyẹn ló ní ó burú ju yèrèpè lọ.

Oníbàárà kan tó ń jẹ́ Bọ́lánlé, nọ́ọ̀sì ni, ló gbà á sílẹ̀. Fọlákẹ́ na téèpù mọ́ ọn lọ́rùn, ojú kojú, ni nọ́ọ̀sì bá di àgbọ̀n rẹ̀ mú. "Mà, ẹ wo ìta. Ẹyinjú yín ti pupa rúsúrúsú. Ìtọ̀ yín ńkọ́?"

"Ó dúdú bíi kóòkì."

"Ìgbẹ́ yín?"

Fọlákẹ́ bú sẹ́rìn-ín nítorí ìtìjú. "Ó funfun bí ẹfun."

"Ẹ fi téèpù yẹn sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí ọsibítù. Kì í ṣe awọ ara ló ń ṣe yín, mà. Inú ló ti ń bọ̀."

Òkúta ni wọ́n bá nínú rẹ̀, ó dí ọ̀nà tí òróòro ń gbà jáde láti inú ẹ̀dọ̀, òróòro sì ti dà wọnú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń yún un. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó jí, ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń retí yíyún, yíyún ò dé. Ayọ̀ mú un, ó sunkún. Ló bá rántí dúrọ́ọ̀, kò sì lè dá ẹkún náà dúró mọ́.

Fọlákẹ́ kúnlẹ̀ sí àárín ìpàdé. "Monílọ́lá, dárí jì mí. Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, bí ara bá ń yún yín lọ́sẹ̀ mélòó kan tí ẹ ò rí èélá, ẹ lọ fi ara han dókítà kí ẹ tó nàka sí ẹnikẹ́ni." Bó ti sọ ọ́ tán ni àyà rẹ̀ fúyẹ́. Akọ̀wé dá orúkọ Monílọ́lá padà sínú ìwé. Alága ní kí Fọlákẹ́ lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, kó fẹnu ara rẹ̀ tún un sọ. Ó ní òun yóò lọ, inú rẹ̀ sì dùn láti lọ.

Monílọ́lá dìde níkẹyìn. "Ọmọ oníyèrèpè ni wọ́n ń pe Goodness ọmọ mi. Inú mi ò tíì yọ́, mi ò ní purọ́." Ó wo bùbá tó ti tóbi ju Fọlákẹ́ lọ, nítorí àìsàn ti fà á gbẹ. "Aránṣọ bíi tìẹ, irú èyí lo wọ̀ jáde? Bọ́ ọ."

Fọlákẹ́ ró ìró dé àyà, ó bọ́ bùbá náà fún un. Monílọ́lá yọ abẹ́rẹ́ nínú báàgì, ó rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ inú aṣọ náà dáadáa níṣojú gbogbo wọn. Fọlákẹ́ gbà á, ó gbé e wọ̀ sí ara lásán.

"Ṣé ó ń yún ọ?"

"Kò yún mi."

"Ó dáa," ni Monílọ́lá wí. "Ìyá Ẹniọlá, yí ẹ̀yìn wá, kí n wo bó ṣe jókòó."