Ìwé Kejì Tí Mo Fi Sínú Báàgì

Ẹ̀yin òbí àsàlátù wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kó àwọn ọmọ lọ. Bí mo bá tún gbé ọ̀rọ̀ yìí mì lónìí, yóò pa mí. Káàdì aláwòrán tí wọ́n bá nínú àpótí Raheemah, tí wọ́n torí ẹ̀ fagi lé yìgì rẹ̀, èmi Rídwàn tí mò ń kọ́ ọmọ yín ní kéú, èmi ni mo ni ín. Táróò ni wọ́n ń pè é, káàdì tí àwọn òyìnbó kan fi ń woṣẹ́. Yunifásítì ni mo ti rà á, nítorí ohun tó bá ti díjú kì í jẹ́ kí n sùn. Ẹ̀rù ìyá mi bà mí, mo bá gbé e fún Raheemah, ọmọ àbúrò bàbá mi, pé kó bá mi tọ́jú ẹ̀. Nígbà tí ìyá Haneef, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, rí i, ó figbe ta: "Iṣẹ́ awoṣẹ́ rè é! Ọmọ tèmi kọ́!"

Bàbá Haneef, alága wa, ẹ pè mí. Ẹ ní, "Rídwàn, ìwọ lo kàwé. Wá ìwé gidi tó sọ ibi tí nǹkan yìí ti ṣẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun eré, a ó so yìgì." Raheemah fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Bọ̀dá mi, mi ò dárúkọ yín o. Ẹ ṣáà wá ìwé yẹn."

Ìwé tí mo kọ́kọ́ rí sọ pé àwọn àlùfáà òrìṣà Íjíbítì ló ṣe é, kò sì sọ ẹni tó sọ fún òun. Ọ̀gbẹ́ni Micah, olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì ní Odogbolu, rẹ́rìn-ín: "Wo ẹ̀yìn ìwé kí o tó gba iwájú rẹ̀ gbọ́." Ó yá mi ní tirẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló ní ẹ̀rí: Ítálì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ta á bí àwa ṣe ń ta wọ́ọ̀tì, ọ̀rúndún mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó gbé e dé ìdí iṣẹ́ awoṣẹ́. Ará Faransé kan ló hun ti Íjíbítì kalẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ìwé Íjíbítì àtijọ́ kà.

Ìwé méjèèjì ni mo gbé wá sípàdé. Ááfà àsàlátù wa fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Rídwàn, o mọ̀ ọ́n jù! Àbí ìwọ náà ní tìẹ nílé?" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá gbèjà káàdì náà, ẹ ó mọ̀ pé èmi ni mo ni ín. Ọwọ́ mi wọ báàgì, mo fa ìwé èké yọ. Mo ka Íjíbítì fún yín. Mo tiẹ̀ tún fi ohùn dídùn kà á, èmi aláìlójútì! Raheemah, tó mọ̀ pé ìwé kejì wà níbẹ̀, ń wo báàgì náà. Mo pa á dé.

Láti ìgbà náà ni Raheemah ti wà lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, kì í jẹun mọ́. Mo pè é lánàá. Gbólóhùn kan ló sọ: "Mo rò pé ẹ ó mú ìkejì jáde ni, Bọ̀dá mi." Lọ́la ni bàbá rẹ̀ fẹ́ dá ẹrù ìdána padà.

Ẹ̀yin ọmọ kéú mi, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín àgbà pa òtítọ́ mọ́ yín lẹ́nu. Bàbá Haneef, mo dọ̀bálẹ̀. Ìwé kejì rè é. Bí ẹ ò bá lè forí jì mí, ẹ má forí jì mí. Ẹ ṣáà kà á, kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀.