Àárọ̀ Tí Mo Jó Nítorí Pé Ṣúgà Ọkọ Mi Wálẹ̀

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi gbé ọpẹ́ yìí, èmi nìkan ò lè dá a gbé. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi ṣe ara mi, mo dúpẹ́ o!

Gbogbo yín lẹ mọ Dádì wa, ọkọ mi, tó ń ṣe tíṣà nílùú Ara. Ó ti ṣe díẹ̀ tí wọ́n ti sọ fún wọn ní ọsibítù pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ. Tólú ọmọ wa ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò nílé, ó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Láàárọ̀, kí Dádì tó fi nǹkan kan ẹnu, mo máa gún wọn níka, mo máa kán ẹ̀jẹ̀ sórí pépà kékeré kan, ẹ̀rọ á gbé nọ́ńbà jáde.

Ṣé ẹ mọ̀ mí, mi ò kì í fi nǹkan ṣeré. Ọjọ́ tí a gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni mo kó gbogbo nǹkan tó dùn kúrò nílé. Ṣúgà, oyin, mílíìkì, mọ́lítì, mo kó wọn dànù! Àdúrà mi láràárọ̀ ni pé kí nọ́ńbà yẹn wálẹ̀ lórúkọ Jésù. Bó bá ti lé ní igba, oúnjẹ ò ní gba ọ̀nà ọ̀fun mi.

Ìgbà náà ni ìjọ kéde ààwẹ̀. Dádì ní àwọn máa gbà á ní gbígbẹ, tọ̀sán-tòru. Dókítà ti ní wọn ò gbọdọ̀ fo oògùn, Pásítọ̀ ní ká gbààwẹ̀, ọkọ mi bá gbọ́ràn sí àwọn méjèèjì lẹ́nu! Omi tí wọ́n fi ń gbé oògùn mì nìkan ló ń kan ọ̀fun wọn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gún wọn níka. Nọ́ńbà jáde. Mo wò ó, mo nu ojú, mo tún un wò. Méjìdínlógójì! Ẹ̀rọ yẹn ò fún mi nírú ẹ̀ rí láyé! Mo figbe ta, mo so ìró mọ́dìí, ijó yá. "Halelúyà! Ó ti wálẹ̀! Ààwẹ̀ ti ṣiṣẹ́!" Mo ní kí Dádì ṣe àmín, wọ́n bi mí pé ṣé àwọn ọmọ kíláàsì ti tò sórí ìlà. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ayọ̀ ni. Òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, mo ní agbára Ẹ̀mí ni. Hẹ̀n! Agbára Ẹ̀mí!

Ìyá Rafíù, aládùúgbò wa ní Òkè Gádà, gbọ́ ariwo mi. Mùsùlùmí ni. Ó wá bá mi yọ̀ ni, ẹ̀rín ló ń rín bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Ìyá Tólú, ẹ kú oríire o! Kí la gbọ́?" Mo fi ẹ̀rọ hàn án. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ojú Dádì, ó bi mí bóyá wọ́n ti jẹun. Mo ní ààwẹ̀ ni wọ́n wà.

"Wọ́n sì lo oògùn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó káwọ́ lérí. "Yéè! Ọkọ yín ń kú lọ, ẹ ń jó! Ṣúgà dà?"

Ṣúgà kẹ̀? Nínú ilé tèmi? Mo tú gbogbo kíṣìnì, iyọ̀ ni mo bá. Ìyá Rafíù ò dúró gbọ́ àlàyé, ó sáré lọ sílé rẹ̀ láìwọ bàtà, ó gbé ike ṣúgà dé, ó pò ó mọ́ omi. Dádì bá di ẹnu pinpin, wọ́n ní ààwẹ̀ làwọn wà! Mo kúnlẹ̀, mo ń sunkún, wọn ò gbà.

Ìyá Rafíù wá rọra sọ ọ́ bí ìyá tó bí wọn. "Tíṣà, ẹ mu ún. Àìsàn kan náà ló ń ṣe Bàbá Rafíù. Ìmáàmù wa fúnra wọn ló ní kí wọ́n má gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì mọ́. Ọlọ́run mọ̀ pé ara yín ò yá."

Wọ́n yanu. Wọ́n mu ún. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo tún gún wọn níka, ó ti ń gòkè, ojú wọn sì là. Wọ́n ní kí ló dé tí mo ń sunkún. Ẹ gbà mí o! A fún wọn lóúnjẹ, a gbé wọn sínú kẹ̀kẹ́, ó di ọsibítù. Dókítà ní ká ní ó pẹ́ sí i ni, wọn ì bá dákú, bóyá wọn ò sì ní jí mọ́. Mi ò mọ̀ pé ó níbi tí ṣúgà kò gbọdọ̀ wálẹ̀ kọjá!

Pásítọ̀, ẹ má bínú, mi ò kọ́ yín níṣẹ́ o. Bí ẹ bá tún kéde ààwẹ̀, ẹ bá wa fi kún un pé kí àwọn tó ń lo oògùn ṣúgà kọ́kọ́ bi dókítà wọn.

Ẹ̀yin ará, orí ikú ni mo ti ń jó láàárọ̀ yẹn, n ò mọ̀. Ọlọ́run fi ariwo àìmọ̀kan mi pe ẹni tó mọ̀. Ká ní mo dákẹ́ ni, opó ni ẹ̀ bá máa wò níbí. Dádì, ẹ dìde kí wọ́n rí yín! Obìnrin tó jókòó tì wọ́n, tó fi ìbòrí borí yẹn, Ìyá Rafíù nìyẹn. Ẹ dìde, ẹ bá mi kí i, kí ẹ sì bá mi yin Ọlọ́run tó rán an lógo!