Àfòpiná Inú Ìgò

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, tíṣà kan gba yàrá lọ́wọ́ wa níbí, ní Ìkẹ́rẹ́. Yẹ́misí lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ìlú Àgbàdo ni, báyọ́lọ́jì ló ń kọ́ wọn níléèwé. Ọmọ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní nǹkan kan tó máa ń ṣe tó ń bà mí lẹ́rù… Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á ta aṣọ funfun sára ògiri ẹ̀yìnkùlé, á gbé àtùpà alágolo síwájú rẹ̀, nítorí iná ìjọba kì í dúró, á wá jókòó. Kí ló ń dúró dè? Àfòpiná. Àwọn kéékèèké tó ń wá síbi iná. Á mú wọn sínú ìgò, á wò wọ́n dáadáa, á kọ bí wọ́n ṣe rí sílẹ̀, á sì tú wọn sílẹ̀.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Láyé ìgbà yẹn, ta ló ń fojúure wo ohun tó ń fò lálẹ́? Bí ọ̀kan bá wọlé, ìgbálẹ̀ la fi ń pa á, a ó sì pe orúkọ Jésù lé e lórí. Òun wá ń ta aṣọ dè wọ́n bí ẹni ń retí àlejò.

Èyí tó burú jù… ẹ gbọ́. Àwọn kòkòrò yẹn ò lórúkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́nu wa. Àfòpiná náà ni gbogbo wọn. Kó má baà dàrú mọ́ ọn lójú, ó fi orúkọ àwa ará ilé pè wọ́n. Èyí tó sanra ni Bàbá Káyọ̀dé, ọkọ mi. Èyí tó funfun lórí ni Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ mi. Mo kìlọ̀ fún un. Mo ní, "Yẹ́misí, a kì í pe orúkọ èèyàn sínú ìgò." Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà, eré ni."

Eré. Ó di ọjọ́ kan, ibà dá Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀. Kò jẹ, kò mu. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni obìnrin ilé kejì wá pọn omi ní kànga wa, ó gbọ́ tí Yẹ́misí ń dá sọ̀rọ̀ pé, "Ìyá Àgbà ti dé. Mo ti mú un. Ó ti wọnú ìgò."

Obìnrin náà ju garawa sílẹ̀, ó figbe ta. Kí n tó mọ̀, èrò ti kún ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọkùnrin ti di apá Yẹ́misí mú. Wọ́n ní bí ìyá bá kú, ilẹ̀ ò ní mọ́ bá òun náà. Mo ní kòkòrò lásán ni. Ta ló ń gbọ́? Ká má parọ́, ọkàn èmi náà ń wí pé… bó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?

Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà di ògiri mú jáde.

Ó ní, "Ṣé èmi ló wà nínú ùgò yìí? Tú mi sílẹ̀, ọmọ mi, kí mi re ulé."

Yẹ́misí ṣí ìgò. Àfòpiná fò jáde, ibo ló sì forí lé? Ọ̀dọ̀ iná. Ẹ mọ̀ pé àfòpiná tó ní òun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ó ń yí àtùpà po, ó ń sún mọ́ ọn. Bó bá jóná, wọ́n á pa ọmọ ọlọ́mọ lójú mi.

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ àtùpà náà pa.

Òkùnkùn biribiri. Ohùn rẹ̀ nìkan la gbọ́: "Mo ti dé ulé. Kí oníkálukú re ulé rẹ̀." Wọ́n tú ká. Kò sẹ́ni tó rí ibi tí kòkòrò náà gbà.

Ara Ìyá Àgbà yá, ó tún pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ tó mọ́, Yẹ́misí kó ẹrù rẹ̀, kò sì padà wá mọ́.

Ẹ wá wo òde òní. Iná sólà ń tàn mọ́jú níwájú gbogbo ilé. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé, òkú àfòpiná ni mo máa ń gbá láràárọ̀. Nísinsìnyí, mi ò rí nǹkan kan gbá mọ́. Níbo ni wọ́n lọ? Ẹ̀rù tó ń bà mí báyìí ju ti ọjọ́ yẹn lọ, nítorí ẹni tí ì bá sọ fún wa, a ti lé e lọ. Ìyá Àgbà náà ò sì sí mọ́…

Ẹnì kan nínú yín dìde, kó bá mi pa iná ìta yẹn.