Wáyà Tí Mo Gé Lára Katakata Àlàájà

Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n gbé oúnjẹ yẹn padà ná. Bí mo bá fi ọwọ́ yìí kan oúnjẹ yín kí n tó sọ ohun tó wà níkùn mi, a jẹ́ pé n kò lójútì rárá. Ẹ̀yin rò pé mo bá Uwais wá láti Ìlobù kí n lè bá a bẹ̀ yín ni. Òun náà rò bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó bó ṣe dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Ẹ ní kó dìde, èmi ló yẹ kí n wà nílẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ fi ń lé irọ́ ogún ọdún bá. Tèmi kò tó ogún ọdún, ọdún méjì péré ni, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Òní ni n ó pọ̀ ọ́ síta.

Bàbá Jàlálù tí wọ́n jókòó yìí ni wọ́n kìlọ̀ fún yín nígbà náà pé kí ẹ má gbé katakata yín lọ fún ríwáyà ará Ìlobù tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú wa méjèèjì kò tíì rọlẹ̀. Ẹ dá wọn lóhùn pé, "Iná bátìrì kò mọ Ìlobù, kò mọ Ìfọ́n. Kọ́ládé mọ iṣẹ́ rẹ̀." Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ fún mi, ẹ ń rẹ́rìn-ín, lọ́jọ́ tí ẹ gbé e dé ṣọ́ọ̀bù mi. Katakata kékeré pupa, tí kò ga ju èjìká mi lọ. Ẹ fẹ́ kí n fa iná sí àwọn iná ẹ̀yìn rẹ̀, kí n sì fà á sí páńpù tí yóò máa fọ́n oògùn koríko.

Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Wáyà tó nípọn ni wọ́n ń lò fún páńpù. Fíùsì gbọ́dọ̀ wà níbi tí wáyà ti kúrò lára bátìrì, kó lè jẹ́ pé òun ni yóò kọ́kọ́ jó bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ihò tí wáyà bá sì gbà wọ inú irin, rọ́bà ni wọ́n ń fi sí i létí kí irin má baà gé e. N kò lè sọ pé àìmọ̀ ló ṣe mí.

Ojú ayé ló ṣe mí. Katakata yín kò tíì lo wákàtí kan níwájú ṣọ́ọ̀bù tí Pamílẹ́rìn, tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, fi pariwo pé, "Kọ́ládé, nǹkan ará Ìfọ́n lò ń tún ṣe, tí wọ́n fẹ́ fi wá ro ilẹ̀ wa?" Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí. Ẹ gbọ́ ná: obìnrin fọkàn tán mi, ojú sì ń tì mí nítorí rẹ̀! Mo wá ń kánjú kí katakata náà lè kúrò nílẹ̀ kí àwọn tó ń ti oko bọ̀ tó rí i. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣẹ́kù nílẹ̀ ni mo lò. N kò fi fíùsì sí i, tààrà ni mo so ó mọ́ bátìrì. N kò fi rọ́bà sí ihò. Mo ní bó bá tún padà wá, n ó tún un ṣe.

Uwais, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, ló wá wà á lọ. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè máa fi iná yìí ṣájì fóònù mi?" Mo ní kó má dán an wò. Ó ní, "Mo ti gbọ́, sà." Ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ kò jù báyẹn lọ.

Kò pé oṣù kan. Katakata ń gbọ̀n lórí ebè, irin ń ha wáyà díẹ̀díẹ̀, títí èèpo rẹ̀ fi bó tí bàbà inú rẹ̀ kan irin. Iná ràn. Uwais ń fi ọwọ́ lásán bu yẹ̀pẹ̀ lé e títí awọ ọwọ́ rẹ̀ fi bó, katakata sì jó mọ́ ọn lójú. Ẹ ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wo ohun tó fà á. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo sì rí iṣẹ́ ọwọ́ mi níbi ihò náà.

Èyí tó burú jù rèé. Ẹ̀yin àti àwọn èèyàn ń tọ́jú Uwais lábẹ́ igi. Mo fa páláyà yọ, mo gé wáyà náà, mo tì í bọ àpò. Mo wá kọjú sí yín, mo ní, "Ó bi mí nípa ṣájà, mo ní kó má ṣe é. Ó ti lọ ṣe é." Uwais ń sunkún, ó ní, "Wàláhì, mi ò so nǹkan kan mọ́ ọn!" Bàbá Jàlálù ní, "Ará Ìlobù yìí ni kẹ́ ẹ bi." Àlàájà, ẹ rántí ohun tí ẹ sọ? Ẹ ní, "Kọ́ládé ò lè parọ́ fún mi. Uwais, ìwọ lo ba tèmi jẹ́." Ẹ gba èmi àlejò gbọ́ ju ẹ̀jẹ̀ yín lọ. Mo sì dúró síbẹ̀, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti padà sídìí ọkọ́. Uwais, bàbá ọlọ́mọ méjì, kò rí ẹni gbé mọ́tò lé e lọ́wọ́ mọ́. Búlọ́ọ̀kù ló ń rù l'Óṣogbo, pẹ̀lú ọwọ́ yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá dọ̀bálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ ìyá mi Àlàájà. Mo ti rò ó títí. Bóyá mo so ṣájà mọ́ ọn lóòótọ́ tí mo gbàgbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọṣẹ́ ò lè ṣì í."

Àlàájà, irọ́ mi ti wọ ọkùnrin yìí lára débi pé kò gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ìyẹn ni n kò lè gbé.

Wáyà náà rèé. Ẹ fọwọ́ kan ibi tó ti bó. Bí ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ṣẹ́ yìí bá wà nítòsí, ẹ bá mi sọ fún un pé kó má kánjú lórí iṣẹ́ ẹni tó fọkàn tán an. Mo jẹ̀bi, n kò ní àwíjàre. Ẹ má tíì sọ pé ẹ dárí jì mí. Uwais ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mọ́ra.

Oúnjẹ tí wọ́n gbé padà yẹn, Uwais ni kí wọ́n gbé e fún. Èmi ó jókòó sílẹ̀ níbí. Bó bá jẹ ẹ́ tó yó, tó sì ní kí n wá jẹ ìyókù, nígbà náà ni n ó tó fọwọ́ kàn án.