Bẹ́líìtì Tó Wà Lára Ìṣó

Nígbà tí Bàbá Oníwáyà rí i pé òun ò ní dìde lórí ibùsùn àìsàn mọ́, ó ní kí wọ́n bá òun pe ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ òun tó ti kú. Ọmọ náà dé, ó kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó, ó ń bó ọsàn fún un.

"Gbé ọsàn sílẹ̀, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti rà sí mi nínú, mi ò lè gbé e wọ ilẹ̀ lọ. Kì í ṣe aránbàtà ló pa bàbá rẹ. Èmi ni."

Ọwọ́ ọmọ náà dúró.

Iṣẹ́ òpó iná ni àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì jọ ń ṣe. Bàtà tó bá la ẹnu, àpò irinṣẹ́ tó bá ya, ọ̀dọ̀ aránbàtà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ń gbé e lọ. Kò sí bàtà tí wọ́n wọ̀ gun òpó tí abẹ́rẹ́ ọkùnrin náà ò kàn. Nígbà tí bẹ́líìtì awọ tí Bàbá Oníwáyà fi ń so ara rẹ̀ mọ́ òpó gbó, òun náà ló tún un rán. Ó kùn ún, ó ń dán, ṣùgbọ́n kò fẹ́ dá a padà fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, awọ yìí ti jẹrà nínú. Ẹ fi di ẹrù, ẹ má fi gòkè o."

Bàbá Oníwáyà gbà. Ó gbé e kọ́ sára ìṣó níbi iṣẹ́, ó lọ gba tuntun.

"Kí ló ní kí n má jù ú nù, èmi ìkà yìí? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bàbá rẹ ṣe ọ̀gá lé mi lórí, inú ń bí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò rí bẹ́líìtì tiẹ̀. Ó ní kí n yá òun ní ti ara ìṣó. Mo ní kó mú un, mi ò sọ fún un pé ó ti jẹrà."

"Ẹ fẹ́ kó kú ni?"

"Mi ò mọ̀. Mo dúró nísàlẹ̀, mo ń wò ó. Ó bojú wolẹ̀, ó ní, 'O ṣé jàre, ó dì mí mú dáadáa.' Ẹnu mi ò là. Ibẹ̀ ni awọ ti já."

Ọmọ náà gbé ọ̀bẹ àti ọsàn sílẹ̀.

"Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní aránbàtà búra fún mi pé ó ti dáa. Àwọn òṣìṣẹ́ ya bò ó, wọ́n fọ́ àtẹ rẹ̀, wọ́n fi òòlù tiẹ̀ run ún níka. Ó rí mi láàárín wọn. Ó ń ké pé, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ohun tí mo wí fún yín!' Mo wò ó lójú kòrókòró. Mo ní, 'Kí lo wí?' Kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́ títí dòní. Darí jì mí, ọmọ mi."

Ọmọ náà nu ọwọ́ sí aṣọ rẹ̀. "Mọ́mì ṣì ń ṣépè fún ọkùnrin yẹn."

Ó fa fóònù yọ, ó pe ìyá rẹ̀, ó gbé e sí Bàbá Oníwáyà létí. Bàbá náà ní, "Hẹ́lò."

"Ta nìyẹn?" ni ìyá ọmọ náà bi í láti inú fóònù. "Ṣé ẹ̀yin ni? Áà, ẹ pẹ̀lẹ́ o! Gbogbo ìgbà ni mò ń gbàdúrà fún yín."

"Ìyàwó," ó ní, "má tíì kí mi. Gbọ́ mi ná."